Ìgò Kì Í Ṣe Ibojì

Mo dúró lórí tábìlì nínú yàrá ìwádìí Ìbírónkẹ́, àbúrò mi, mo sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, kò tíì sí iná tó já mi kulẹ̀ rí. Mo ní, "Èmi Gbádébọ̀ wẹ́dà! Èmi tí mo jó géètì ààfin, tí mo jó ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ń kí mi láàárín ìta pé ọ̀gá, iṣẹ́ yín le o! Ẹ lọ pe Ìyá wá. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, Ìyá yóò fi ojú ara rẹ̀ rí Ìbírónkẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tábìlì náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Ìbírónkẹ́ ti kú. Gbogbo wa ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó ka ìyẹn sí ìdènà.

Àwọn oníbàárà mi ló kún inú yàrá náà. Olúkúlùkù wọn gbé géètì tí n kò tíì bá a parí lé itan, wọ́n sì ń wò mí láàárín irin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè, tó jẹ́ ọ̀gá Ìbírónkẹ́ nígbà tó wà láyé, dúró sínú agbada ìfọwọ́, omi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó de táì. Ó ní òun kò ní jáde níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá tún páìpù ṣe, nítorí pé òun ti kọ lẹ́tà lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta.

Èèwọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ Ìyá ṣòro. Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Nígbà tí Ìbírónkẹ́ kú, àwọn àgbà ìdílé mú Ìyá lọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlá, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò tí kò rọ̀, títí àwa fi padà dé pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀. Kò rí òkú, kò rí pósí. Ọdún méje ṣáájú ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ ti kan ọmọ náà gbẹ̀yìn, nítorí ìlú òyìnbó ni Ìbírónkẹ́ wà, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná lésà fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tó fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún, fìlà òtútù ló bo gbogbo ojú rẹ̀, imú nìkan ló yọ. Ìyá fi há ògiri. Ó máa ń kí imú náà láàárọ̀.

Nígbà tí Ìbírónkẹ́ padà dé, ó ní kí n bá òun jó tábìlì onírin tí òun máa gbé ẹ̀rọ lésà lé, pé bí òun bá ti gbé e kalẹ̀ báyìí, Ìlá ló kàn, òun á lọ kí Ìyá. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jó o. N kì í fi ojú ìjó, ibi tí mo ti fi iná so irin pọ̀, sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bó bá ti dì, n ó tún un jó, kó lè dì ju bó ṣe dì lọ. Ọjọ́ tí mo gbé tábìlì náà dé ni wọ́n gbé Ìbírónkẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Tábìlì náà ò mì títí dòní.

Orí rẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń fọ́nnu.

Baba Látúnjí, àgbà ìdílé wa, nawọ́ sókè láàárín àwọn oníbàárà. Ó ní, "Gbádébọ̀, orí rẹ pé báyìí? Ìyá kì í rí ibojì ọmọ."

Mo ní, "Baba, ìgò ni mo fẹ́ fi hàn án. Ìgò kì í ṣe ibojì."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ títí, ó ní, "Lóòótọ́, wọn ò fi ìgò sí èèwọ̀ náà." Ó dé fìlà náà padà, ó sì di àga. Ẹnì kan jókòó lé e.

Aago kan wà lára ògiri tí kì í sọ àkókò. Ibi tí Ìyá bá dé ló ń sọ. Ó ní, "Ìyá ti kúrò ní Ìlá. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó ru àpótí."

Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní a ò lè rí ohun tí à ń wá láìsí òkùnkùn, ó nawọ́ sí ojú fèrèsé, ó ká oòrùn bí ẹni ká ẹní, ó fi há abíyá. Yàrá ṣú. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ ń jó díẹ̀díẹ̀.

Mo mú àwo sílíkọ̀n. Ó tó àtẹ́lẹwọ́, ó dúdú, ó ń dán bíi dígí. Iyanrìn ni wọ́n fi ṣe é, iyanrìn tí wọ́n yọ́ nínú iná títí tó fi gbàgbé odò. Mo dá iyanrìn náà mọ̀. Èmi ni mo bù ú lé Ìbírónkẹ́ lórí lọ́jọ́ tí a sin ín, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta.

Àwo náà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ gbẹ bíi ti akọ̀wé kóòtù. Ó ní, "Bí mo ṣe wà lódidi yìí, bó o fi iná mọ́tò wò mí, mi ò ní tàn. Fọ́ mi. Kó kéré. Kó tún kéré sí i ju ohun tí ojú lè rí. Ìgbà yẹn ni n óò tàn."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò lè tàn lódidi?"

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo gbé e sí ìsàlẹ̀ ìgò tí omi wà nínú rẹ̀, mo tan lésà sí i. Iná lésà ò jọ tiwa. Kò ta pàrà, kò hó, kò rùn. Ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan jókòó sí ọ̀nà jíjìn tó fi ń ránṣọ, ó ń lu àwo náà pa, pa, pa, èéfín kékeré sì ń rú nínú omi. Omi náà pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Inú èéfín yẹn ni àwọn èérún sílíkọ̀n wà. Wọ́n kéré débi pé àìmọye wọn lè sùn lórí irun ìpéǹpéjú kan kí àyè ṣì kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n fún mi ní tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Ó ní àwọn èérún náà kì í dá tàn. Ẹni bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àfi kó kọ́kọ́ tan tiẹ̀ sí wọn, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì fi àwọ̀ tiwọn dá a padà.

Mo tan iná àlùkò sí ìgò náà. Ó pọ́n bí ẹyin iná. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn dé, Ìbírónkẹ́ jókòó sórí àga.

Ó wọ kóòtù funfun rẹ̀ tí iná ti jó lápò. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, bó ṣe rí gan-an lọ́sẹ̀ tó kú. Ó ní ìlà méjì lẹ́bàá ẹnu tí Ìyá ò mọ̀. Ewú kan ṣoṣo wà níwájú orí rẹ̀ tí Ìyá ò mọ̀. Ó fi ọwọ́ ti tábìlì náà wò.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "tábìlì yìí mà dúró o."

Mo ní, "Mo tún un jó ni."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń wò mí, mo bá tẹríba fún wọn bí òṣèré tó parí eré. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Aago ní, "Ìkìrun. Ìyá ń sinmi lábẹ́ igi. Ó ń bá igi náà jà nítorí ìbòòji."

Ìbírónkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá ń bọ̀ lóòótọ́?"

"Ó ń bọ̀. Ó ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́rin."

Ó na ọrùn wo ìgò náà, ó fi ìka kàn án lára bí ẹni wò ó bóyá ọbẹ̀ ti jinná. Ó ní, "Ó ti tó báyìí. Ẹ fi í sílẹ̀ ní pupa. Ẹ pa lésà yẹn, Bọ̀ọ̀dá mi, kẹ́ ẹ sì má fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo ní ojú Ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, pé ìmọ́lẹ̀ náà ò tíì tó. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan sí i péré ni.

Ó wo àwọn tó gbé géètì lé itan. Ó ní, "Ṣé Ìyá lẹ̀ ń ṣe é fún, àbí àwọn wọ̀nyí?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá bi mí ní nǹkan nípa rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kú. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ náà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Gbádé, nígbà tó wá dàgbà yẹn, ṣé ó jọ mí?" Mo ní, "Ẹ̀yin gan-an ni, Ìyá." Ó ní, "Níbo?" Mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀, mo ń bá a bó. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Mi ò pa lésà náà. Kí n má purọ́, mo gbọ́ ohun tí Ìbírónkẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ojú ìjó tí wẹ́dà kò bá tún jó, á máa pè é padà ni. Ojú lè rí i pé ó ti dì; ọwọ́ kì í gbà. Ọwọ́ mi ló tún un jó. Pa, pa, pa. Ìgò náà mọ́lẹ̀ sí i, ó kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Àwọn oníbàárà fi ọwọ́ gbá géètì, ariwo irin náà dùn mọ́ mi débi pé mo tún tẹríba.

Nígbà tí mo gbórí sókè, ìlà méjì ẹ̀bá ẹnu rẹ̀ ti lọ. Ewú náà ti lọ. Aṣọ ilé ìwé girama ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ki ìkọ̀wé bọ inú irun, ó di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo ìbéèrè kẹrin yìí. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Èmi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ wẹ́dà kí òun lè máa lọ. Mo ní, "Ìbírónkẹ́ dà?"

"Èmi rèé."

"Èyí tó dàgbà ni mò ń bèèrè."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Kò tíì dé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ láti inú agbada. Ó ní, "Bí èérún bá ṣe ń kéré sí i ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kúrò ní pupa lọ sí búlúù. Ó wà nínú ìwé. Mo rò pé ẹ kà á."

Mo ní, "Mi ò kàwé, sà."

Ó ní, "Àwòrán wà níbẹ̀."

Aago ní, "Òṣogbo. Ó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ odò."

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dààmú. Mo ní kí ni iṣẹ́ mi bí kò ṣe pé kí n so ohun tó já pọ̀? Mo dé awò dúdú tí mo fi ń jó irin, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo tú ẹsẹ̀ ká. Mo ní n ó so àwọn èérún náà pọ̀ padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn á tóbi, wọ́n á pọ́n, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì á padà jókòó. Ẹnì kan kígbe pé, "Wẹ́dà bàbá wẹ́dà!" Mo tan lésà.

Awò dúdú tí mo dé sọ̀rọ̀ sí mi ní ojú méjèèjì. Ó ní, "Ọ̀gá, fífọ́ ni eléyìí ń fọ́ nǹkan. Kì í so ó."

Mo gbọ́ o. Mo rò pé bí mo bá fọ́ ọ dáadáa, ó lè so.

Ìmọ́lẹ̀ náà di àwọ̀ ewé. Ìbírónkẹ́ ti di ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́ lórí àga. Ó ya ẹnu, ó fi àlàfo hàn mí, ó sì fi eyín kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n bá òun ka òkúta mẹ́fà kún un, kí n jù ú sórí òrùlé, kí tuntun lè hù. Mo ka òkúta mẹ́fà. Mo wòkè. Òrùlé ò sí. Ilé ìdáná Ìyá ní Ìlá ni a wà, èédú dúdú lára ògiri, ààrò mẹ́ta nílẹ̀, tábìlì onírin mi sì dúró sáàárín wọn, kò mì. Mo di eyín náà mú. Ó ń gbóná bíi ti ẹni tó ní ibà.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ẹ jù ú."

Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "N ó jù ú, Àníkẹ́. Jẹ́ kí Ìyá dé ná."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Àwọn oníbàárà rò pé ó wà nínú eré. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Aago ní, "Ẹdẹ." Kí n tó mí, ó ní, "Gbọ̀ngán."

Ìgbà yẹn ni mo pa lésà. Mo yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, mo ká a mọ́ ọrùn ọwọ́ mi kí ó má baà padà síbẹ̀. Pa, pa, pa náà ò dákẹ́. Mo fi etí sí ẹ̀rọ, kì í ṣe ibẹ̀. Mo fi etí sí ìgò, kì í ṣe ibẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka sí àyà mi. Inú ibẹ̀ ló ti ń wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó sì ń lu àwọn èérún náà láti abẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n ń kéré sí i, wọ́n ń kéré sí i, ìmọ́lẹ̀ náà sì fi àwọ̀ ewé sílẹ̀, ó di búlúù bí ojú iná sítóòfù.

Lórí àga, kóòtù funfun náà ló kù, wọ́n ká a jọ bí aṣọ ìtẹ́lẹ̀. Ìkókó kan sùn sáàárín rẹ̀. Kò ní eyín rárá.

Aago ní, "Ó wà lẹ́nu ọ̀nà," ó sì ṣí ara rẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni Ìyá gbà wọlé. Ó ti kúrú sí i. Eruku bò ó dé orúnkún, àpótí onígi rẹ̀ wà lórí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó sọ àpótí náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí i, ó yọ bùbá kan àti ìró rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ó ní, "Ara mi ni mo ní kí télọ̀ wọ̀n. Mo ní ẹni tó bá jọ mí lójú, á jọ mí léjìká." Ó tẹ́ bùbá náà sára àga, ó ń wo ibi tí èjìká máa gbé wà. Apá bùbá méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ dé ilẹ̀. Ìkókó náà sùn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó bọ́ sínú àgọ́.



Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde kúrò nínú agbada fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kán omi, oòrùn ń jó lábíyá rẹ̀, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú oríire ọmọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí búlúù tó mọ́ tó báyìí." Àwọn oníbàárà dìde pẹ̀lú géètì wọn, wọ́n ń gbá a gbùà gbùà. Àga tó jẹ́ Baba Látúnjí ń jó lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ń ní, "Ìgò ni! Kì í ṣe ibojì! Èmi náà rí i!" Wọ́n ń ké orúkọ mi. Mo fẹ́ tẹríba fún wọn. Ọrùn mi ò tẹ̀ mọ́.

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkókó náà. Ó gbóòórùn àwùjẹ̀ rẹ̀. Ó yí etí rẹ̀ wò lẹ́yìn, ó rí àmì dúdú tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ó fi ọmọńdinrín rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ìkókó náà sì dì í mú. Gbogbo wa ń sunkún, Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ń fi táì nu ojú. Mo sún mọ́ ọn. Eyín náà ṣì wà nínú ọwọ́ mi.

Mo ní, "Ìyá, mo sọ pé n ó fi hàn yín. Mo ti fi hàn yín."

Ó tẹ́ ìkókó náà padà sínú kóòtù rẹ̀, jẹ́jẹ́, kó má baà jí. Ó ṣa bùbá náà, ó ká a, ojú ìká àtijọ́ ni ó tọ̀, ó kó o sínú àpótí. Ó dé e.

"Eléyìí, mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Èyí tó dàgbà ni mo wá rí."